Ta Ló Sọ Pé Ọkùnrin Ni Oníbodè?

Ọjọ́ Sátidé kan báyìí, a wà ní yàrá mi ní Tánkẹ́, iná ò sí, a tan tọ́ọ̀ṣì fóònù méjì sábẹ́ ike omi kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ lè fọ́n ká, àwa mẹ́fà la yí tábìlì ká, à ń ṣe Dungeons & Dragons, géèmù tí wọ́n ń fi ìtàn sísọ ṣe. Èmi ni DM, ìyẹn ẹni tó ń sọ ìtàn, tó sì ń fọhùn fún gbogbo ẹni tí àwọn tó kù bá bá pàdé lọ́nà. Mo ní, "Ẹ dé ẹnu ibodè ìlú. Oníbodè jókòó sórí àpótí, ó fi ọ̀kọ̀ ẹ̀ ti ògiri, ó ń jẹ ẹ̀kọ, ó wò yín látòkè délẹ̀, kò sọ̀rọ̀." Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin inú wa ti ń ya oníbodè yìí sínú ìwé ẹ̀, ọmọ yẹn mọ nǹkan yà gan-an, ó ti ya irùngbọ̀n fún un, ó ti ya ikùn. Ẹlòmíì ní òun fẹ́ bá "bàbá yẹn" sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó jẹ́ pé ó lè jókòó wákàtí méjì kó má sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ ti béèrè jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ pé ọkùnrin ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni, mi ò sọ bẹ́ẹ̀, "ó" ni mo sọ, "ó" yẹn lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin, ó lè jẹ́ ewúrẹ́ pàápàá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí ní ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mò ń sọ ọ́, ọkùnrin ni, onírùngbọ̀n bíi ti inú ìwé ọmọ yẹn gẹ́lẹ́. Èmi obìnrin o. Èmi tí mo kúrò nínú ẹgbẹ́ kan torí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ó dùn mí, mi ò tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun ló sì jẹ́ kí n máa kọ èyí.

Fún ẹni tí kò bá mọ géèmù tí mò ń wí: ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, àìmọye irú ẹ̀ ló sì ti jáde lẹ́yìn ẹ̀. Kò sí pátákó bíi ti lúdò, kò sẹ́ni tó ń borí ẹnìkan. Kálukú á dá èèyàn kan sílẹ̀, káráktà là ń pè é, á kọ agbára ẹ̀ àti ọgbọ́n ẹ̀ sórí pépà, DM á máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìwọ á sọ ohun tí o fẹ́ ṣe, tí ọ̀rọ̀ bá ní iyèméjì nínú, dáìsì olójú ogún ló máa dá a. Bí ẹni ń pàlọ́ ni, àfi pé àwọn tó ń gbọ́ àlọ́ lè dìde kí wọ́n ní ìjàpá ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ yẹn. Yorùbá la fi ń ṣe tiwa, Yorùbá Ìlọrin tó dà pọ̀ mọ́ ti Ìgbómìnà mọ́ ti Ọ̀fà, ìwé òfin nìkan ló wà lédè Òyìnbó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin ná, torí àwọn kan rò pé ariwo lásán là ń pa. Nínú ìwé òfin tí wọ́n tẹ̀ ní 1978 fún àwọn tó ń ṣeré náà, Agbára káráktà máa ń wà láàárín 3 sí 18. Tí jagunjagun bá ní 18, á tún ta dáìsì mìíì láti mọ bí 18 tiẹ̀ ṣe le tó, láti 01 títí dé ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n máa ń kọ ní 00. Ọkùnrin lè dé 00. Obìnrin, ọmọ èèyàn bíi tiwa, 50 lòpin ẹ̀, ó tán. Ẹ má rò pé nǹkan kékeré nìyẹn o, ẹni tó ní 18/50 á fi 3 kún ọgbẹ́ tí idà ẹ̀ bá dá sí ọ̀tá lára, ẹni tó ní 18/00 á fi 6 kún un. Ṣáájú ìyẹn, ní 1976, ìwé ìròyìn tí ilé iṣẹ́ tó ni géèmù náà ń gbé jáde ti tẹ àbá kan nípa káráktà obìnrin, wọ́n yọ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí èèyàn ṣe lè kó ọmọ ogun sẹ́yìn ara ẹ̀, wọ́n fi Ẹwà sí i dípò. Ọdún 1979 ni wọ́n tó gba Jean Wells, obìnrin àkọ́kọ́ tó bá wọn ṣe géèmù fúnra ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà kejì jáde ní 1989, wọ́n yọ òpin Agbára obìnrin yẹn kúrò, nínú ẹ̀dà ọdún 2014 tí àwa ń lò, dáìsì ò mọ akọ yàtọ̀ sí abo rárá.

Òfin ti kú láti 1989 nìyẹn, wọn ò tíì bí mi. Àmọ́ ẹgbẹ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ṣì ń pa á mọ́, bẹ́ẹ̀ ìwé tuntun ló wà lọ́wọ́ wọn, kò sì sẹ́nì kankan níbẹ̀ tó ti rí ìwé 1978 yẹn rí.

Mi ò ní dárúkọ wọn. Mo mú káráktà kan wá, Àdùnní lórúkọ ẹ̀, ẹlẹ́ṣin ni mo fẹ́ kó jẹ́, ẹni tó mọ ọ̀kọ̀ lò. Ẹni tó ń darí wa ní rárá, ní obìnrin kì í gun ẹṣin lọ ogun láyé àtijọ́, òun fẹ́ kí ayé tí òun dá jọ òótọ́. Ó ní kí Àdùnní máa tọ́jú aláìsàn. Mo gbà, èmi náà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ewé àti egbò. Nígbà tó di ìjókòó kẹta, àwọn ọlọ́ṣà jí Àdùnní gbé, wọ́n dè é mọ́ òpó nínú yàrá kan, ìjókòó yẹn gba wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta ni mo fi di dáìsì mú tí mi ò tà á lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó kù ń jà láti wá gbà á sílẹ̀, inú wọn ń dùn, wọ́n ń pariwo. Nígbà tó yá ẹnìkan ní, "Ìwọ tó ò ṣe nǹkan kan yìí, jọ̀ọ́ bá wa ra píọ̀ wọ́tà níta." Mo lọ rà á. Mo pín in fún wọn, mo padà jókòó. Àfìgbà tí mo délé ni mo tó mọ̀ pé èmi àti Àdùnní, ibì kan náà la jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, ká máa dúró de àwọn ọkùnrin kí wọ́n parí iṣẹ́ wọn. Mi ò lọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ "láyé àtijọ́" yìí ló máa ń ká mi lára jù. Ayé àtijọ́ ta? Ìyá tó bí ìyá mi, ọmọ Ìgbómìnà, alájàpá ni wọ́n. Wọ́n á ra iṣu lóko Ṣàárẹ́, wọ́n á gbé e dé Ọ̀fà, wọ́n á kó o sínú rélùwéè ó di Èkó, ìgbà mìíì oṣù kan á kọjá kí wọ́n tó padà, bàbá àgbà àti ìyàwó kékeré ló ń bójú tó ilé, kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní àrà. Nígbà tí mo wà ní JS2 wọ́n kó wa lọ wo àwọn ère Èsìẹ́, níbi mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún, ìtàn ìlú ní àlejò ni gbogbo wọn nígbà kan kí wọ́n tó di òkúta. Ọmọdé ni mí, irun dídì orí wọn ni mo ń wò, báwo ni wọ́n ṣe gbẹ́ irun báyìí sára òkúta, àfi bí mo ṣe rí i pé obìnrin ló wà níwájú mi, ọmú ẹ̀ hàn, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó gbé àdá lé èjìká. Ojú ẹ̀ tutù. Kò jọ ẹni tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rántí ojú yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún mi pé Àdùnní ò lè mú ọ̀kọ̀ dání.

Tàbí ká tiẹ̀ wo Ọ̀yọ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo DM máa ń sá lọ tó bá ti fẹ́ dá ìlú ọba sílẹ̀. Wọ́n á ní Aláàfin, wọ́n á ní Ọ̀yọ́mèsì, wọ́n á ní Kakaǹfò, àwa ará Ìlọrin ò lè gbàgbé Kakaǹfò láé torí Àfọ̀njá, tó bá wá kan obìnrin wọ́n á ní "ayaba", ó parí. Bẹ́ẹ̀ Ìyá Kéré ló ń tọ́jú ohun ọba, òun ló ń gbé adé lé Aláàfin lórí lọ́jọ́ ìwúyè. Ìyámọdẹ, tó ń bọ àwọn ọba tó ti wàjà ní Bàrà, ibi tí wọ́n ń sin ọba sí, Aláàfin ń kúnlẹ̀ kí i, "Bàbá" ló ń pè é, kò sì kúnlẹ̀ fún ẹlòmíì mọ́ láyé. Ìtàn ẹnu tún sọ pé obìnrin ni Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ tó jọba ní Ìgbòho, Ìgbòho yẹn ò jìnnà sí wa. Ẹ fojú inú wo ìjókòó kan tí àwọn tó ń ṣeré wọ ààfin tí wọ́n bá ọba lórí ìkúnlẹ̀ níwájú obìnrin kan, tó ń pè é ní Bàbá, tí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wọn. Mo ti lò ó lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò rántí ìjà ọjọ́ yẹn mọ́, ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣì ń sọ.

Àwọn kan á ní ṣebí Mọremí wà. Wọ́n wà, ọmọ Ọ̀fà sì ni ìtàn pè wọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún wọn dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn DM máa ń ṣà nínú ìtàn wọn: wọ́n á ṣà pé arẹwà ni, pé ọba ọ̀tá fi wọ́n ṣaya, pé inú yàrá ni àṣírí ti jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo obìnrin tó bá fẹ́ ṣe nǹkan gidi nínú géèmù wọn, àfi kó gba yàrá ọkùnrin kọjá. Wọn kì í ṣà pé obìnrin náà ló gbèrò ète yẹn, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, pé ó mọ ọ̀nà àtipadà sílé. Wọn kì í dé odò Ẹsìnmìrìn rárá, níbi tí gbèsè ti wọlé wá gba Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo. Tí o bá fẹ́ lo ìtàn Mọremí níbi tábìlì, lo odò yẹn náà.

Mi ò wá sọ pé ilẹ̀ Yorùbá dùn fún obìnrin láyé àtijọ́ o, irọ́ nìyẹn náà, ẹni tó bá gbà á gbọ́ kó lọ bi ìyá ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ipò ò dúró sójú kan. Ní agboolé bàbá mi, ìyàwó tó bá wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti bí mi ò gbọdọ̀ pè mí lórúkọ, "ọkọ mi" ló ń pè mí, àbí kó fún mi ní ìnagijẹ, ọ̀kan nínú wọn tó ti tó ìyá mi lọ́jọ́ orí ṣì ń pè mí ní Adúmáadán títí dòní. Mo ti ń jẹ́ ọkọ láti ọmọ ọdún méjì, mi ò tíì fẹ́ ẹnì kankan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà, ọkọ ni nílé wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń tẹ̀wọ̀n. Nílé ọkọ ẹ̀, òun ló ń jí ṣáájú kó gbálẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá ibẹ̀ ń rán an níṣẹ́, "ìyàwó, bá mi gbé abọ́ yẹn wá." Èèyàn kan náà ni. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú mọ́tò ló wà láàárín ilé méjèèjì.

Èyí ni mo wá fi ṣe òfin fún tábìlì tiwa. Lórí pépà káráktà, ọkùnrin o, obìnrin o, a fi ìlà méjì kún un: ilé tí wọ́n ti bí ọ, àti ilé tí ò ń gbé báyìí. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wàá kọ ẹni tí wàá kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ fún, ẹni tó máa kúnlẹ̀ fún ọ, àti ilẹ̀kùn kan tí o ò lè wọ̀. Ẹ ò lè mọ bí nǹkan kékeré yẹn ṣe yí géèmù wa padà. Ògbójú ọdẹ kan wà láàárín wa tó ti pa ejò olórí méje, dáìsì ẹ̀ ò tàsé rí, nígbà tí ìrìnàjò gbé wa dé ìlú ìyàwó ẹ̀ ló bá di àna, ó na gbalaja sílẹ̀ níwájú ọmọdébìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà, torí àbúrò ìyàwó ẹ̀ ni. Obìnrin tó ń ṣe aṣọ́nà ẹ̀yìn wa látọjọ́ yìí wá rí i pé ìlú yẹn gan-an ni ìlú bàbá òun, gbogbo ẹnu ọ̀nà ṣí fún un, òun ló bá wa gba ibùsùn, òun ló bá wa bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó dín Agbára ẹnikẹ́ni kù. Ó jọ òótọ́ ju ti ọ̀gbẹ́ni tó ń darí ẹgbẹ́ mi àkọ́kọ́ yẹn lọ, tèmi nìyẹn.

Ibi tó le jù ni ti orò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin wa fẹ́ kí ìlú tá a wà máa ṣe orò lóru ọjọ́ méje, kí ẹsẹ̀ obìnrin má jáde. Àwa tá a jẹ́ ará Ìlọrin, oríkì wa ti sọ pé ìlú tó tóbi tó báyìí wọn ò léégún rárá, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn ò kan èmi lára tààrà, mo ti fẹ́ sọ pé kò burú. Lọ́kàn mi ó dáa fún ìtàn, ẹ̀rù ń bẹ níbẹ̀. Ni obìnrin kan nínú wa bá sọ pé ní ìlú àwọn, àárọ̀ tó fẹ́ lọ jókòó fún WAEC, díẹ̀ ló kù kí òun má lè jáde nílé, pé inú kọ̀rọ̀ ni ìyá òun dúró sí tó ń sunkún. Ó ní, "Ohun tí mo sá fún nílé, ẹ má gbé e bá mi síbi tí mo ti wá ṣeré." Obìnrin kejì ní tòun yàtọ̀, òun fẹ́ kó wà, òun fẹ́ ká ṣe ohun tí àwọn obìnrin ń ṣe nínú ilé lóru yẹn, ohun tí wọ́n ń sọ, ohun tí wọ́n ń gbèrò nígbà tí gbogbo ọkùnrin wà níta. Àbá yẹn wù mí, mo ṣì ń rò ó. Ọmọkùnrin wa bínú díẹ̀, ó ní àṣà ni, ṣé ká máa sá fún àṣà wa ni. Mo ní mi ò pa àṣà rẹ́, mi ò tiẹ̀ lágbára ẹ̀, ìlú tá a fi ẹnu dá lọ́jọ́ Sátidé là ń sọ. A yọ ọ́. Tí ẹni tó sọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn bá ní ọjọ́ kan pé kò dun òun mọ́, a ó gbé ti ẹnì kejì yẹ̀ wò. Àwọn tó máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé "kí lẹ̀yin obìnrin fẹ́ nínú géèmù", obìnrin méjì lẹ rí yẹn, lórí tábìlì kan náà, lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Àti ọ̀rọ̀ omi. Ó pẹ́ kí n tó ṣàkíyèsí pé níbi tiwa náà, nígbàkígbà tí òùngbẹ bá gbẹ àwọn èèyàn, àwọn ọmọbìnrin ló ń dìde, kò sẹ́ni tó rán wọn, ó ti mọ́ wọn lára, wọ́n á gbé kúlíkúlí wá, wọ́n á bu sóbò, kí wọ́n tó jókòó padà ìjà ti dé ìdajì, ẹlòmíì ti bá wọn ta dáìsì wọn. Ní báyìí, ká tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa á ta dáìsì, ẹni tó bá ta èyí tó kéré jù ló máa gbé omi lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan dáìsì ẹlòmíì bí kò bá sí níjòókòó. A máa ń dúró dè é ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra wọn ni ọlọ́dẹ wa gbé omi, ó sì máa ń pín in dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́nu ibodè. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn mo ń rò ó pé èdè wa ò bi mí ní akọ àbí abo, àmọ́ nǹkan kan wà tó ń bi mí nígbà gbogbo tí mo bá ti la ẹnu: ṣé "ó" ni àbí "wọ́n"? Ṣé ọmọdé ni àbí àgbà? Oníbodè yẹn, mo ti pè é ní "ó" láìrò ó, mo sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀ bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tá a pàdé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ní, "Oníbodè jẹ ẹ̀kọ tán. Wọ́n nuwọ́. Wọ́n dìde, wọ́n mú ọ̀kọ̀ wọn, wọ́n ń retí ìkíni."

Yàrá dákẹ́. Ọmọ tó ń yàwòrán mú ìrésà, ó pa irùngbọ̀n yẹn rẹ́, kò ya nǹkan kan dípò ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni wọ́n ṣe dàgbà tó?" Mo ní irun iwájú wọn ti funfun, ọ̀kọ̀ náà ò sì gbọ̀n lọ́wọ́ wọn. Ó ní, "Mo dọ̀bálẹ̀." Ọlọ́dẹ náà ní òun dọ̀bálẹ̀. Ọmọbìnrin tó béèrè ìbéèrè yẹn ní òun kúnlẹ̀, pé òun fẹ́ ki oríkì ìlú wọn fún wọn kí inú wọn lè yọ́, ó na ọwọ́, ó ta dáìsì, 17. Mi ò tíì mú ìlú kankan fún oníbodè. Kò dúró kí n mú un, ìlú tiẹ̀ ló mú, ó gbé ohùn sókè, ohùn tí a ò mọ̀ pé ó wà nínú ẹ̀, "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlálọmí, ìjàkadì lorò Ọ̀fà," ó ń ki i lọ, kò wo ìwé, kò wo ojú ẹnì kankan, tọ́ọ̀ṣì fóònù kan kú, a ò tan án.